Ọdún tí Mo Ṣọ́ Híma

31 oṣù Kìíní

Èmi ni wọ́n yàn, èmi Watfa, ìyàwó Muflih, ìyá Jadaan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àná ló ṣẹlẹ̀, ara mi ò sì tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Bàbá Salim tó ṣọ́ híma, ilẹ̀ koríko tí abúlé wa jọ pa mọ́ lórí òkè, lọ́dún tó kọjá ti kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Zarqa, orúnkún rẹ̀ ò gba òkè mọ́. Àlájì Awad, àgbà abúlé wa, béèrè ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Gbogbo wọn ló ní àgùntàn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa mú àgùntàn ẹlòmíì. Ìyá Naif, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló gbóhùn sókè láti ọ̀dọ̀ àwa obìnrin.

"Bàbá Àlájì, àwa la ń fi dòjé gé koríko níbẹ̀. Ta ló wá mọ ibẹ̀ jù wá lọ? Ẹ fún Ìyá Jadaan. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, kì í sì í tètè dárí jinni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Mitab, tí agbo rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní abúlé, fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Ó ní, "Ìyá Jadaan, bí àgbò mi bá wọ ibẹ̀, ṣé ẹ máa lè dì í mú?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ ná, Bàbá Mitab. Inú ìkòkò lẹ ó ti tún rí i."

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Lèmọ́ọ̀mù tún ka májẹ̀mú náà fún gbogbo wa. Títí irúgbìn yóò fi gbọ̀n sílẹ̀, ẹnu ẹran kankan kò gbọdọ̀ kan koríko híma. Dòjé lè wọ̀ ọ́, oyin lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá wọ̀ ọ́, a ó mú ọ̀kan nínú agbo rẹ̀, a ó pa á, gbogbo abúlé yóò jẹ ẹ́, olóhun kò ní tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá san ìtanràn kẹ́yìn ni yóò yan èyí tí a ó mú nínú agbo ẹni tó kàn. Bí a bá sì fojú fo ẹnì kan péré, májẹ̀mú ti bàjẹ́ nìyẹn, kí oníkálukú da ẹran rẹ̀ wọlé.

Ọdún tó kọjá, koríko kàn yọjú ni. Ọdún yìí ló máa so. Bó bá so, tí irúgbìn rẹ̀ wọ ilẹ̀, òkè wa yóò tún padà di òkè. Bí ẹran bá fẹnu kàn án ṣáájú, yóò padà di erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọ inú oúnjẹ wa. Gbogbo rẹ̀ wá dọwọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń gbéra ga díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

5 oṣù Kejì

Òjò rọ̀ láti àsùbáà títí di àílà. Àlùhámúdù lílàì. Tẹ́lẹ̀, irú òjò yìí ì bá ti fọ erùpẹ̀ òkè wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Lónìí, omi tó dé àfonífojì kò ju èyí tí ewúrẹ́ kan lè mu lọ. Híma mu ìyókù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

12 oṣù Kejì

Ọkọ mi ti Mafraq dé pẹ̀lú ojú tó le. Àpò báálì, ọkà tí a ń rà fún ẹran, ti di dínárì méjìlá. Ó já ẹrù sílẹ̀, ó jókòó, Ṣahin sì wá fi orí nù ún lẹ́sẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ṣahin ni ọ̀dá àgbò tó ń gbé agogo sọ́rùn tó ń ṣáájú agbo wa. Bó ṣe dàgbà tó yìí, ó ṣì rò pé ọmọ ilé ni òun.

Ọkọ mi ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń bá wí. "Ṣahin, koríko wà lórí òkè, èmi ń san dínárì méjìlá lórí àpò kan. Ìyá rẹ ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà koríko náà pẹ̀lú ọ̀pá."

Mo ní, "Bàbá Jadaan, ṣé kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni?"

"Ṣé mo ní kó o kúrò? Mo kàn ní báálì ti wọ́n ni. Fún mi ní tíì."

Mo fún un ní tíì, mo fi ṣúgà kún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

19 oṣù Kejì

Ààwẹ̀ ọjọ́ kejì. Mo rìn yí ààlà ká lẹ́yìn aláàsárì, láti òkúta funfun kan dé èkejì. Òjò ti fọ ẹfun ara wọn, mo sì fi ọwọ́ ara mi kùn wọ́n padà. Ẹnu mi gbẹ bí awọ. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì tẹ̀ mí láago láti ilé ọkọ wọn, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé màmá àwọn ti di ọlọ́pàá.

24 oṣù Kejì

Bàbá Mitab wá kí wa lẹ́yìn ìṣínu. Ó mú èso déètì wá, déètì tó dáa, mo sì ti mọ̀ pé déètì tó dáa tó báyìí kì í rìn lásán.

Ó ní, "Ìyá Jadaan, Iléyá ń bọ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún. Àwọn oníṣòwò Zarqa kì í ra egungun. Ẹ jẹ́ ká da ẹran wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹrin, kí wọ́n lè sanra."

"Irúgbìn ò ní tíì gbọ̀n ní oṣù Kẹrin."

"Ta ló ń ra irúgbìn lọ́wọ́ wa?"

"Bí kò bá sí irúgbìn, kí lẹ fẹ́ tà ní Iléyá ọdún tó ń bọ̀? Ṣé déètì yìí náà ni?"

Ó wo ọkọ mi bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Ọkọ mi ń wo déètì. Bàbá Mitab dìde, ó ní, "Muflih, o ní sùúrù o." Ọkọ mi ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Agbo ńlá lebi ń pa, ó sì ń gbọ́ igbe wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ igbe òkè yẹn nígbà tó ṣì wà ní ìhòòhò, kò sì sẹ́ni tó mú déètì wá bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

7 oṣù Kẹta

Ọjọ́ ayọ̀. Ìyá Naif àti èmi lọ gé koríko fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A rí òdòdó dúdú mẹ́ta lẹ́bàá àpáta, wọ́n ga, wọ́n ń dán. Lẹ́yìn wọn ni ṣíìhì wà, ewé kíkorò tí àwọn ìyá wa ń sè fún inú rírun. Kì í ṣe ìdì kan tàbí méjì. Ó tò lọ dé ibi tí ilẹ̀ ti yí kọ́rọ́.

Mo já ẹ̀ka kékeré kan, mo mú un lọ fún Àlájì Awad. Ó fi í sí imú, ó fa òórùn rẹ̀ sínú. Ó ní, "Ọmọ mi, mo rò pé èyí ti bá bàbá mi wọ sàréè."

Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ wò ó. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní òkè ti ga jù, ó ń gbààwẹ̀, kó dúró di lẹ́yìn ọdún. Ó ní ta ló ṣèlérí lẹ́yìn ọdún fún òun. Wọ́n gbé e lọ. Ó jókòó sínú ṣíìhì títí oòrùn fi ń wọ̀, ó sì ń sọ orúkọ àwọn ewé tí mi ò gbọ́ rí. Mo gbìyànjú láti há wọn sórí, mélòó kan sì dúró.

14 oṣù Kẹta

Àgùntàn Bàbá Mitab wọ híma ní ìlà oòrùn. Agbo ńlá, ènìyàn méjì ló ń dà á, ẹnìkan rò pé ẹnìkejì wà níwájú. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo rí wọn, mo sì fi agídí àti òkò lé wọn jáde, lẹ́yìn náà mo lọ sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí.

Kò sẹ́ni tó ti san ìtanràn lọ́dún yìí, nítorí náà Lèmọ́ọ̀mù ló yàn. Ó mú àgbò ọlọ́dún kan tó sanra. Bàbá Mitab ò jiyàn. Ó dúró tì wá títí a fi sè é tán, ó ń wo ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí a ṣínu, gbogbo abúlé jẹun níta mọ́sáláṣí, òun fi déètì àti omi ṣínu, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé tíì lọ fún un.

Ó ní, "Ó dùn, àbí?"

Mo ní, "Ó dùn, Bàbá Mitab. Ẹ ṣeun."

"Ẹ má dúpẹ́. Ọjọ́ tiyín ń bọ̀, èmi ni màá sì yàn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa retí.

20 oṣù Kẹta

Ìtùnú ààwẹ̀. Jadaan gba ààyè níbi iṣẹ́ ológun, ó wá sílé. Ó jẹ gbogbo nǹkan.

28 oṣù Kẹta

Mo yí ẹsẹ̀ lórí òkúta àfonífojì. Ó wú. Ìyá Naif fi òróró ólífì wọ́ ọ, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti ń wọ́ ọ. "Ìjọba ti wó o. Ẹ sáré wá, ẹ kó ẹran wọlé." Mo ní kó má ṣe sọ ọ́ jáde, kí Bàbá Mitab má baà gbọ́.

Àsìkò tó burú jù ni. Koríko ti ń yọ orí. Ó ga, ó tutù, gbogbo ẹran abúlé ló ń kọjú sí ibẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́.

1 oṣù Kẹrin

Mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa ni màá máa gùn yí híma ká títí ẹsẹ̀ yóò fi san. Mo ti fi àpò dì í lẹ́nu pinpin, kò lè já ewé kan. Mo bi Àlájì Awad, ó ní ẹnu ni májẹ̀mú sọ, kò sọ ẹsẹ̀. Ọkọ mi ní òun lè fi ẹsẹ̀ da ẹran ní tòun, kí n máa mú un lọ lọ́sàn-án. Lónìí mo gùn ún, mo rí gbogbo ààlà láìsọ̀kalẹ̀. Ìyá Naif ní mo dà bí ìyàwó gómìnà.

6 oṣù Kẹrin

Mi ò fẹ́ kọ èyí. Màá kọ ọ́.

Mo wà lókè lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, láàárín híma. Koríko ti dé orúnkún rẹ̀, ó sì ń mí kanlẹ̀ nínú àpò bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi ń da ẹran nísàlẹ̀, lẹ́yìn òkúta funfun, níbi tó tọ́. Nígbà tí àílà tó, ó tẹ́ aṣọ ìléjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí Kíbúlà. Mo rí i, inú mi dùn pé ọkọ mi kì í fi ìrun falẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ké. Agogo Ṣahin dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Mo gbàgbé. Èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà, mo gbàgbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ mi ni mo fi fún un ní wàrà. Èmi náà ni mo so ó mọ́ gàárì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí títí tí kò fi mọ ọ̀nà míì ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ibi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá lọ, ọ̀dá àgbò á lọ, ibi tí ọ̀dá àgbò bá lọ, agbo á lọ. Bí gbogbo wa ṣe ń da ẹran níhìn-ín nìyẹn láti ayé àwọn baba wa. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi wá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wọ àárín híma, mo dì í lẹ́nu, mo ní mo gbọ́n.

Ṣahin fo òkúta funfun. Gbogbo agbo tẹ̀lé e. Mo ń pariwo, "Bàbá Jadaan, ẹran." Ọkọ mi wà ní ìforíkanlẹ̀. Ó gbọ́ mi, ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ó sì kí ìrun rẹ̀ dé orí sàlámà ọ̀tún àti tòsì. Nígbà tó fi yíjú, ẹran rẹ̀ ti rì sínú koríko dé ọrùn.

Mo yí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ padà, mo gùn ún jáde, Ṣahin sì tẹ̀lé e jáde bí ọmọ tó gbọ́ràn. Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹnu ti kan koríko.

Mo ní, "Ṣé ẹ ò lè já ìrun ni?"

Ó ní, "Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọlọ́run ì bá dúró dè yín."

"Ṣé èmi ni mo gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ híma?"

A da ẹran padà sílé, èmi lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níwájú, òun lẹ́yìn.

8 oṣù Kẹrin

Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó rí wa.

Mo ní, "Ẹ̀yin rí mi, èmi náà rí yín. Ẹni méjì ti pọ̀ jù."

"Watfa, Bàbá Mitab ló san kẹ́yìn. Òun ló máa yàn. O mọ èyí tó máa yàn."

Ó pẹ́ tó ti pe orúkọ mi gan-an. Mo ní mo mọ̀. Ó ní agbo tí kò ní aṣáájú, báwo ni òun yóò ṣe dà á. Mo ní mi ò mọ̀. Ó jáde lọ jókòó ti Ṣahin, ó ń yọ ẹ̀gún kúrò lára irun rẹ̀.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́, koríko yóò ṣì so lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tó bá ti fojú fo ara rẹ̀ kò lè mú ẹran ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, lọ́dún yìí tàbí lọ́dún mẹ́wàá, híma ti parí.

10 oṣù Kẹrin, Jímọ̀

Lẹ́yìn ìrun, mo dìde ní àgbàlá mọ́sáláṣí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ nípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo sọ nípa àpò, mo sọ nípa Ṣahin. Ọkọ mi dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní bó ṣe rí nìyẹn, òun ló ń da ẹran.

Lèmọ́ọ̀mù ní, "Ìyá Jadaan ò mọ̀ọ́mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì wá sọ ọ́. Bóyá kó fi ọmọ àgùntàn kékeré kan tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ tán." Mo gbọ́ tí àwọn kan ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi fẹ́ gbà á. Mo fẹ́ ẹ gidigidi.

Mo ní, "Àgbò Bàbá Mitab náà ò mọ̀ọ́mọ̀, a sì jẹ ẹ́."

Bàbá Mitab dìde. Ó ní, "Mo rí wọn. Orí òrùlé ni mo wà lọ́jọ́ Ajé, mò ń tún àgbá omi ṣe. Mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí òun náà bá dákẹ́ títí di òní, tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, gbogbo agbo mi ni màá dà wọ híma, mo fẹ́ wo ẹni tí yóò bi mí léèrè."

Ìyá Naif ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ wàyí. Ẹ lọ gbé omi yín mu."

Àlájì Awad ní, "Mitab, ìwọ lo san kẹ́yìn. Yàn."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣahin."

Ìyá Naif ní, "Ṣé ojú ò tì yín?"

"Òun ló ṣáájú wọn wọlé. Bí mo bá mú òmíì, gbogbo ayé á ní mo fojú fo olùṣọ́." Ó kọjú sí mi. "Ìyá Jadaan, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò fẹ́.

11 oṣù Kẹrin

Ọkọ mi ní kò sí ọwọ́ míì tí yóò kan án. Ó tú agogo lọ́rùn rẹ̀, ó fún un lómi mu, ó dá a dùbúlẹ̀ sí Kíbúlà, ó sọ Bísímílà. Ṣahin ò jà. Ó rò pé a fẹ́ rẹ́ irun òun ni. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà mo dáná. Èmi ni mo fi ẹran rẹ̀ se mansaf, oúnjẹ àsè wa, mo fi wàrà kíkan sè é bó ṣe yẹ, mi ò tọ́ ọ wò, Ìyá Naif ló ń tọ́ iyọ̀ wò fún mi. Gbogbo abúlé wá. Bàbá Mitab jẹun, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

Ó ní, "Ẹran yìí le. Ó ti rin òkè jù."

Mo ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́, Bàbá Mitab. Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí yóò fà á gba ọ̀fun yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú mi ṣì tutù. Inú mi bàjẹ́, orí mi sì wú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn kan lè gba méjèèjì.

16 oṣù Kẹrin

Agbo ò mọ ẹni tí wọn yóò tẹ̀lé. Ọkọ mi ń sáré láti ọ̀tún sí òsì, ó ń bú àgùntàn, ó ń bú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò bú mi. Ẹsẹ̀ mi ti san, mo ti ń fi rìn.

Báálì ti di dínárì mẹ́rìnlá. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí fún híma.

25 oṣù Kẹrin

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì, wọ́n kún fún àgùntàn, wọ́n dúró ní ojú ọ̀nà nísàlẹ̀ híma. Oníṣòwò ẹran kan láti ìlú, ó fẹ́ sọ ẹran rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n jẹun kó tó kó wọn lọ ta fún Iléyá. Mo rí wọn láti òkè, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Kí n tó dé, Bàbá Mitab ti dúró síwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Oníṣòwò ń sọ pé ilẹ̀ Ọlọ́run ni. Bàbá Mitab ní, "Ilẹ̀ Ọlọ́run ni lóòótọ́, Ọ̀gá. Ànábì náà pa irú rẹ̀ mọ́. Ẹran tó bá wọ̀ ọ́, a máa ń jẹ ẹ́."

"Màá sanwó."

"Ìkòkò wa kì í se owó." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí mi bí mo ti ń sáré bọ̀, ìborùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Ṣé ẹ rí obìnrin yẹn? Olùṣọ́ ni. Ọ̀dá àgbò rẹ̀ wọ ibẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a pa ẹran náà. Èmi ni mo yàn án, mo sì jẹ níbẹ̀. Tiyín ni a ó wá ṣàánú?"

Oníṣòwò wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mi ò ní èémí tí mo lè fi sọ̀rọ̀, mo kàn mi orí. Ó wọ ọkọ̀, wọ́n yí padà, eruku wọn bo wá.

Bàbá Mitab ń gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Koríko mi ni mò ń gbèjà."

"Koríko ta?"

Ó tún gbọn aṣọ rẹ̀. "Koríko wa."

3 oṣù Karùn-ún

Ooru ti dé. Koríko ti pọ́n. Bí mo bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, irúgbìn ń dà sí mi lápò aṣọ. Ó kù díẹ̀.

16 oṣù Karùn-ún

A ṣí híma lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i, mo gbọn koríko, kò sí ohun tó dà mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo lọ sọ fún Àlájì Awad pé ó ti gbọ̀n tán, ó ní kí n sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Mo sọ ọ́.

Dòjé kọ́kọ́ wọlé. Ilé kọ̀ọ̀kan gé tirẹ̀, a dì í, ó ga ju orí ìlẹ̀kùn lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹran wọlé sínú èyí tó kù, àgùntàn Bàbá Mitab, àgùntàn wa, ti gbogbo abúlé pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, a kò ní ra báálì kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn tó fẹ́ tà fún Iléyá yóò tà, wọn ò sanra jù, wọn ò sì jẹ́ egungun.

Wọ́n tún májẹ̀mú ṣe fún ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Mitab ní kí wọ́n fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí ilé òun kún un. Ilẹ̀ tí ẹran rẹ̀ ń jẹ jù lọ nìyẹn. Mo wò ó títí, mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

19 oṣù Karùn-ún

Àlejò wá lónìí, ọkùnrin mẹ́rin láti abúlé tó wà lẹ́yìn àfonífojì. Òkè tiwọn ṣì wà ní ìhòòhò. Wọ́n ti gbọ́ nípa wa, wọ́n fẹ́ pa tiwọn náà mọ́ lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé wa, mo gbé tíì fún wọn, wọ́n sì ń bi ọkọ mi ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bi í.

Èyí tó dàgbà jù ní, "Muflih, irú ènìyàn wo ni ká fi ṣe olùṣọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ wá ẹni tó lè ní kí wọ́n pa ẹran òun. Bí ẹ ò bá rí, ẹ wá yá ìyàwó mi. Àgùntàn ni mi ò ní yá yín, mi ò ní èyí tó ṣẹ́kù láti fi ṣòfò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tó kéré jù nínú wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé inú ò bí yín? Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pa á."

Ọkọ mi gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè yẹn."

Gbogbo wọn yíjú wò ó. Mo gbé kẹ́tùlù wọlé bí ẹni pé tíì inú rẹ̀ ti tán. Kò tíì tán, mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi ni.